Ẹ̀gbọ́n àti Bi Mí

Kò sẹ́ni tó ń pe obìnrin náà lórúkọ níbi iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é, láti orí ọ̀gá àgbà dé orí ẹni tó ń gbálẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kó orúkọ náà wọlé. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi dà?" Àwọn tó wà nínú yàrá bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà sì lẹ̀ mọ́ àwọn méjèèjì bí àtè. Obìnrin di Ẹ̀gbọ́n, ọkùnrin di Àbúrò, kódà lẹ́nu àwọn tó fi ọdún púpọ̀ ju obìnrin náà lọ.

Ilé iṣẹ́ kékeré ni. Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà ìkunlé ni wọ́n wà, òórùn ọ̀dà sì máa ń gba ojú fèrèsé wọlé débi tí àwọn àlejò fi ń bèèrè bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ògiri ni. Wọ́n ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké: ta ló fẹ́ rí dókítà, ọjọ́ wo ni, kí ló ṣe é nígbà tó wá kẹ́yìn. Bí ètò náà bá dákẹ́, àwọn aláìsàn á kún ìta, àwọn nọ́ọ̀sì á sì máa pe fóònù bí ẹni tí ilé ń jó mọ́ lórí. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa ń fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lé lọ́wọ́. Kì í kánjú, kì í pariwo, nǹkan kì í sì bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni bí orí rẹ̀ ṣe rí. Kí àbúrò rẹ̀ tó dé ibi iṣẹ́, alùpùpù kan ti gbá a níbi tó ti ń sọdá títì. Gbogbo ilé iṣẹ́ ló wá kí i lórí bẹ́ẹ̀dì. Egungun jinná, ojú ọgbẹ́ san, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dúpẹ́. Ọkọ rẹ̀, tó ń tún fìríìjì ṣe, nìkan ló mọ ìyókù. Kò gbàgbé èèyàn, kò gbàgbé ọ̀nà ilé, kò gbàgbé béèyàn ṣe ń ronú. Àwọn nǹkan kéékèèké ló ń jò lọ. Àṣẹ tó ti ń tẹ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge, tí ìka rẹ̀ mọ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe mọ ẹnu ọ̀nà, á kàn dédé di òfo. Ó mọ ohun tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe, kò kàn mọ bó ṣe máa sọ ọ́ fún un mọ́. Dókítà ní ọpọlọ rẹ̀ yè, àmọ́ ajere ò ní ṣeé fi pọnmi bí ìkòkò.

Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń kọ ọ́ sórí pépà kéékèèké tó ń lẹ̀ mọ́ etí kọ̀ǹpútà, títí kọ̀ǹpútà fi hu irùngbọ̀n. Nígbà tó yá, ó gbé e sínú fáìlì. Fáìlì pọ̀, ó di igbó. Á mọ̀ pé òun ti kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò ní mọ ibi tó wà.

"Mo ti ń gbàgbé ibi tí mo kọ ohun tí mo gbàgbé sí," ló sọ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí, kí obìnrin náà tó wá fi ẹkún parí tirẹ̀.

Bó ṣe di pé ó ṣe àfikún sí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń kọ ètò ní fèrèsé dúdú kan lórí kọ̀ǹpútà wọn, ṣẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Kò sí àwòrán níbẹ̀, kò sí bọ́tìnì. Wàá tẹ àṣẹ, ẹ̀rọ á jẹ́ ẹ. Ẹ̀gbọ́n kọ ètò kékeré kan, ó so ó mọ́ ṣẹ́ẹ̀lì yìí. Tó bá ti tẹ "bimi", tó fi ohun tó ń wá tẹ̀lé e, bíi "ẹ̀dà" tàbí "sáfà" tàbí "mo ti bà á jẹ́", àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà á jáde síwájú rẹ̀ níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ gan-an. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ tẹ̀, á mú èyí tó sún mọ́ ọn jù wá. Ó wá jókòó ti igbó fáìlì náà, ó ṣán an, ó kó ọ̀rọ̀ àká dátà, ibi tí àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn ń gbé, sí fódà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sáfà, ẹ̀rọ ńlá tó gbé àká náà dání, sí tirẹ̀, ọ̀rọ̀ títún ohun tó bàjẹ́ ṣe sí tirẹ̀.

Nínú àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ó kọ ohun téèyàn fẹ́ ṣe, ó kọ àṣẹ rẹ̀ sábẹ́, lẹ́yìn náà ló wá kọ ohun tí ojú òun ti rí níbẹ̀. Apá ìkẹyìn yìí ló dùn ún kà. Lábẹ́ àṣẹ tó ń pa àká dátà rẹ́, ó kọ ọ́ pé: "Eléyìí kì í bèèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣe ẹ̀dà kó o tó fọwọ́ kàn án. Mo ti sunkún níbí rí, má wá bá mi." Níbòmíì, ó kọ ọ́ pé: "Tó o bá rí i pé gbogbo ẹ̀ ń lọ geere, dúró, ibì kan wà tó o ti ṣìṣe."

Nígbà tí ìyá wọn bẹ̀ ẹ́ pé kó mú àbúrò rẹ̀ wọ ibi iṣẹ́, ó ṣe é. "Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀, ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì," ìyá náà wí, kò sì sí ìdí láti bá a jiyàn, torí orí Àbúrò pé, ẹnu rẹ̀ dùn. Iṣẹ́ ni kò tíì mọ̀. Ẹ̀gbọ́n fún un ní ẹ̀dà àfikún náà àti gbogbo àkọsílẹ̀ inú rẹ̀.

Àbúrò tẹ "bimi" lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó wò ó. Ṣẹ́ẹ̀lì ò mọ àmì ohùn, òun náà sì fẹ́ ṣàwàdà. "Bí mi kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún fẹ́ kí wọ́n bí yín ni? Ó ti rẹ Màmá o."

"Bi mí ni, ìwọ onísọkúsọ yìí. Tó ò bá mọ nǹkan, bi mí." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sọ ìdí tóun fi ṣe é fún un, látorí alùpùpù dórí ohun tó ń jò. "Ìwọ nìkan ni mo sọ fún níbí. Tí wọ́n bá gbọ́, wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé ìwòsàn mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n, inú mi lọ̀rọ̀ yìí máa kú sí," Àbúrò wí, ó sì fi ọwọ́ kan àyà.

Ọmọ náà mọ iṣẹ́ kíá. Kò pẹ́ tí àwọn tó bá a níbẹ̀ fi ń wá bá a fún ọ̀rọ̀ tó ta kókó. Inú Ẹ̀gbọ́n dùn. Bó bá ti gbọ́ tẹ́nì kan ń yin Àbúrò, á tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ ìpàdé àárọ̀ kan, òjò ń rọ̀, gbogbo wọn kóra jọ sínú yàrá ńlá. Àbúrò dìde, ó so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri. "Mo ti ń ṣe nǹkan kan fún gbogbo wa," ló wí. Ó tẹ orúkọ òyìnbó kan tó dún bí orúkọ oògùn ikọ́, ó fi ọ̀rọ̀ kan tẹ̀lé e, àkọsílẹ̀ kan sì hàn gàdàgbà lára ògiri.

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ ọ́n kó tó kà á tán. Ojú kọ́kọ́ tì í. Lẹ́yìn náà ni inú rẹ̀ rọ̀: ó rò pé ọmọ yìí fẹ́ yẹ́ òun sí níwájú èèyàn ni. Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe, ó nu àtẹ́lẹwọ́ sí itan, ó ń múra àtidìde nígbà tí wọ́n bá pe òun. Àbúrò ń ṣí àkọsílẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn. Àṣẹ wà níbẹ̀, àlàyé wà níbẹ̀, àmọ́ ibi tí Ẹ̀gbọ́n ti kọ ohun tójú rẹ̀ rí, kò sí níbì kankan.

"Ìwọ nìkan lo ṣe gbogbo èyí?" ọ̀gá àgbà béèrè.

Ògiri ni Àbúrò ń wò. "Ẹ̀gbọ́n bá mi dá sí i díẹ̀díẹ̀."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n náà pàtẹ́wọ́. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tí wọ́n ń gbá ara wọn, kò sì mọ bóun ṣe máa dá wọn dúró.

Lẹ́yìn ìpàdé, àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ni Ẹ̀gbọ́n ti ká Àbúrò mọ́, níbi tí àwọn ọlọ́dà máa ń to agolo òfìfo sí. "Díẹ̀díẹ̀?" ló wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo."

"Mi ò tíì pariwo. Díẹ̀díẹ̀ wo?"

"Ṣé ẹ̀yin máa gbé e jáde ni? Ẹ gbé e pamọ́ bí ẹni gbé egbò pamọ́. Tí mo bá ní ẹ̀yin lẹ ṣe é, wọn ò ní bèèrè ohun tó mú yín ṣe é? Ẹ̀yin lẹ ní kí n má sọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn ún ju èébú lọ. Nígbà tó máa la ẹnu, ohun tó jáde kéré sí ohun tó wà nínú rẹ̀. "Ibi tí mo kọ ohun tójú mi rí ńkọ́?"

"Àwàdà nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀gá ò ní pè é níṣẹ́ gidi."

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ọ̀gá àgbà ránṣẹ́ pe Ẹ̀gbọ́n. Ó fi àga lọ̀ ọ́, ó fi omi lọ̀ ọ́, ó bèèrè ọkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti mọ̀ pé ọ̀gá kì í bèèrè ọkọ ẹnikẹ́ni.

"Màdáàmù, a ò mọ̀ pé nǹkan ṣì ń yọ yín lẹ́nu."

"Nǹkan bíi kí ni, sà?"

Ọkùnrin náà fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ orí ara rẹ̀. "Ẹ má bínú sí àbúrò yín. Àánú yín ló ń ṣe é tó fi sọ. Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aláìsàn ló wà lọ́wọ́ wa. Tí ẹ bá lọ gbàgbé nǹkan kan..."

"Mo ti gbàgbé nǹkan kan rí níbí?"

"Rárá o. Ìyẹn la ṣe ń dúpẹ́." Ó fẹ̀yìn ti àga. "Ohun tẹ́ ẹ mọ̀ sì ti wà nínú irinṣẹ́ Àbúrò báyìí, kò ní ṣòfò. Ẹ lọ sinmi."

"Èmi ni mo ṣe é," Ẹ̀gbọ́n wí.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí i bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tí ibà ń ṣe. "Òun náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ dá sí i."

Nígbà tó délé tó ròyìn, ọkọ rẹ̀ gbé sípánà nílẹ̀, ó ní òun ń lọ síbẹ̀. Obìnrin náà gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó jẹ́ kóun gbádùn ilé, òun ní ẹ̀dà bi mí nínú kọ̀ǹpútà ti ara òun, òun á ríṣẹ́ síbòmíì.

Àmọ́ Àbúrò mọ̀ nípa ẹ̀dà náà. Ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan, ó wọlé pẹ̀lú ìyá wọn, ó mú ìwé kan dání. Kò jókòó. Ó ní ilé iṣẹ́ sọ pé ohun téèyàn bá ṣe lórí kọ̀ǹpútà wọn, tiwọn ni. Kí Ẹ̀gbọ́n pa ẹ̀dà ọwọ́ rẹ̀ rẹ́, kó sì fọwọ́ síwèé pé òun ti pa á rẹ́.

"Ta ló sọ fún wọn pé mo ní ẹ̀dà nílé?"

Ìyá wọn ló gba ọ̀rọ̀ náà. "Tí o ò bá pa á rẹ́, òun ni wọ́n máa lé. Fún un ní ohun tó wá gbà, ẹ jẹ́ ká simi. Ṣé torí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ lẹ ṣe fẹ́ ya ara yín?"

"Màmá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ẹ̀rọ. Orí mi ni."

"Orí rẹ wà lọ́rùn rẹ, mo ń wò ó."

Ẹ̀gbọ́n gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí tábìlì ìjẹun. Ó ṣí fèrèsé dúdú. Ó gbé ìka lé kíbọọ̀dù, ìka rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Kò rántí àṣẹ tí wọ́n fi ń pa fódà rẹ́ pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ó wá a lọ wá a bọ̀ nínú orí rẹ̀. Àbúrò dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n, kò sọ. Bóyá ojú ló tì í.

Ó wá tẹ "bimi pa rẹ́". Àkọsílẹ̀ náà jáde kíá, bó ṣe máa ń jáde. Ó kà á, ó tẹ àṣẹ tó rí níbẹ̀, ó fi orúkọ fódà ńlá tí gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹ̀, títí kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, sí i, ó tẹ̀ ẹ́. Ṣẹ́ẹ̀lì ò béèrè nǹkan kan. Ó gbé ìlà òfìfo kan jáde, ó ń dúró de iṣẹ́ míì.

"Ó ti parí?" ìyá wọn béèrè.

"Ó ti parí, Màmá." Ó fọwọ́ síwèé.

Oṣù gorí oṣù. Ẹ̀gbọ́n ń sá aṣọ lẹ́yìn ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Àbúrò ni.

"Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ kó dátà àtijọ́ kúrò, mo ṣi àká pa rẹ́. Ti ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka káàkiri yẹn ni, gbogbo ẹ̀ ti lọ."

"Ẹ̀dà ńkọ́?"

"Mi ò ṣe ẹ̀dà. Kò sí níbẹ̀ pé kí n ṣe ẹ̀dà." Ó gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu ara rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gba irú ẹ̀ padà rí. Mo ka ìtàn ẹ̀ nínú bi mí, kí n tó yọ ọ́. Ó ní ibì kan tí sáfà máa ń tọ́jú nǹkan sí. Ẹ kàn sọ bẹ́ ẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n dúró ti okùn aṣọ, ó wá a. Ó rí ọjọ́ náà kedere: oòrùn ń pa á lójú láti ojú fèrèsé, ó ń jẹ bisikíìtì, ó sunkún sórí bisikíìtì náà, nígbà tí dátà sì padà, ó jó nídìí àga. Àṣẹ tó tẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ibi tó yẹ kó wà mọ́lẹ̀ rokoṣo, ó ṣófo.

"Mi ò rántí."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe mí báyìí. Aláìsàn ló ni í."

"Mo ní mi ò rántí. Dúró dè mí, mò ń bọ̀."

Aṣọ ilé ló wọ̀ lọ. Ó rò pé bóun bá rí kíbọọ̀dù, ìka òun lè mọ ohun tórí ò mọ̀. Wọ́n dìde fún un, wọ́n fún un ní àga Àbúrò, gbogbo wọn sì dúró yí i ká. Ó tẹ ọ̀rọ̀ kan, ó pa á rẹ́. Ó tẹ òmíràn. Ó gbìyànjú ohun tó dà bí ọ̀nà, kò já síbì kan. Àwọn tó kù náà gbìyànjú tiwọn lórí ẹ̀rọ míì, kò sí èyí tó yọrí sí rere. Fóònù àwọn nọ́ọ̀sì ò dákẹ́. Nígbà tó pẹ́ tó ti jókòó láìtẹ nǹkan kan mọ́, ọ̀gá àgbà ní, "Ẹ ṣeun, màdáàmù. Ẹ máa lọ sílé." Ẹ̀gbọ́n mọ̀ láti inú ohùn rẹ̀ pé kò gbà pé òun gbàgbé. Nígbà tó rọrùn fún ọ̀gá láti lé e, ó gbà pé ó ń gbàgbé. Lónìí tó nílò rẹ̀, ó dá a lójú pé ó ń díbọ́n.

Dátà náà ò padà. Àwọn ilé ìwòsàn kan já wọn sílẹ̀, wọ́n sì lé Àbúrò. Ohun tó sọ fún ìyá wọn ni pé Ẹ̀gbọ́n jókòó sórí àga òun, ó ń wo òun bí òun ṣe ń rì, ó sì káwọ́ gbera.

Ìyá náà pe Ẹ̀gbọ́n. "Mo gbọ́ pé o lọ wò wọ́n níran."

"Màmá, mi ò rántí ni. Ẹ gbà mí gbọ́."

"Ohun tó bá wù ọ́ lò ń gbàgbé. O ò gbàgbé pé ó ṣẹ̀ ọ́." Ó pa fóònù. Látìgbà náà, Ẹ̀gbọ́n ló ń pè. Ìyá náà á gbé e, á ní òun wà dáadáa, á ní òun ní nǹkan lórí iná.

Ẹ̀gbọ́n ríṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe láti ilé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ míì, àmọ́ kì í kọ ohun tójú rẹ̀ rí sí i mọ́, àṣẹ lásán ni.

Bí wọ́n ṣe jẹun tán lọ́jọ́ kan, tí ilẹ̀ ò tíì ṣú, ọkọ rẹ̀ jókòó, ó ń fi àkísà nu páìpù fìríìjì kan. Ó nù ún, ó tún nù ún.

"Ṣé kò ní bí ọ nínú tí mo bá sọ nǹkan kan?"

"Ẹ sọ ọ́."

"Lọ́jọ́ yẹn, níbi iṣẹ́ wọn." Kò gbójú sókè. "Ṣé lóòótọ́ ni pé o ò rántí?"

Obìnrin náà wò ó. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e dìde lójú títì, òun ló ń sọ orúkọ nǹkan fún un láwọn òru àkọ́kọ́. Ó wá ohun tóun lè fi hàn án. Ẹni tó bá rántí, á rí nǹkan sọ. Ẹni tó gbàgbé, kí ló fẹ́ mú jáde?

"Lóòótọ́ ni," ló wí.

"Ó dáa. Ó ti tán." Ó yára sọ ọ́, bí ẹni tó ń ti fèrèsé torí afẹ́fẹ́, ó sì padà sídìí páìpù rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kó abọ́ lọ sí ilé ìdáná. Ó ṣí omi, ó jẹ́ kó máa ṣàn, kò sì tíì fọ nǹkan kan.